Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Bí ẹ ṣe lè gbọ́ òótọ́ lẹ́nu oníbàárà nípa ìsọ̀ yín orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Àbúrò mi bá mi ṣí ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e sórí WhatsApp, mo ní kí àwọn oníbàárà mi sọ bó ṣe rí lójú wọn. Gbogbo wọn ló ní ó dára, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i. Síbẹ̀, wọn kì í ra nǹkan níbẹ̀. Orí WhatsApp ni wọ́n ṣì ń wá: “Ẹ̀gbọ́n, èló ni èyí?” Kí ni kí n bi wọ́n? *(Aládìírẹ, Ìtòkú)*

Ìdáhùn: Àdúrà ni wọ́n ṣe fún yín, ẹ ṣe àmín sí i. Ta ló fẹ́ wo ọjà ẹni tó mọ̀ kó ní kò dáa? Ẹ má bi oníbàárà mọ́ bóyá ìsọ̀ yín dára. Ẹ rán an níṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ̀rí ti wà lórí fóònù yín. Ẹni tó ti wo ojú ewé yín tán tó tún ń béèrè “èló ni?” ti sọ pé òun ò rí iye owó níbi tí ojú òun kọ́kọ́ dé. Ẹ mú ìwé kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ gbogbo ìbéèrè tó bá wọlé sílẹ̀, bí wọ́n ṣe béèrè rẹ̀ gẹ́lẹ́: Yáàdì mélòó ni? Ṣé aró rẹ̀ ò ní jáde tí a bá fọ̀ ọ́? Èló ni wéébílì dé Ìbàdàn? Èyí tó bá ti wáyé lẹ́ẹ̀mẹta, abẹ́ àwòrán aṣọ náà gan-an ni kí ìdáhùn rẹ̀ wà. Owó wéébílì ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹni tó ti fọkàn sí iye kan, tó wá dé ibi ìsanwó tó rí i pé owó ti lé, kì í bínú sí yín. Ó kàn máa ń pa ojú ewé náà dé ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹni márùn-ún. Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ wíwo bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ìkànnì, kọ ọ́ ní 2000 pé ẹni márùn-ún lè fi nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìṣòro ìkànnì hàn. Orí ìṣirò tí òun àti Thomas Landauer ṣe ní 1993 ló gbé e lé. Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ẹni àkọ́kọ́ ti kọsẹ̀, ibẹ̀ náà ni ẹni kẹta àti ẹni kẹrin sábà máa ń kọsẹ̀ sí, ohun tuntun tí ẹ ń rí á sì máa dín kù. Nítorí náà, ẹ wo márùn-ún, ẹ tún ìsọ̀ náà ṣe, kí ẹ tó wo márùn-ún mìíràn. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà yín pé oríṣi méjì, àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí fún ogójì ènìyàn àti àwọn tó ń ra yáàdì márùn-ún fún ara wọn, ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìhà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má mú àbúrò tó kọ́ ìsọ̀ náà, ó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́jú. Ẹ mú ẹnìkan tí kò rà lọ́wọ́ yín rí, kí ẹ sì mú àgbà kan tó ń wọ jígí kó tó kàwé. Fóònù tiwọn àti dátà tiwọn ni kí wọ́n lò. Fóònù tiyín ti fi àwọn àwòrán yẹn pamọ́ sínú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìsọ̀ náà fi ń yára ṣí lójú yín. Lórí fóònù kékeré ẹni tó wà ní Ọbántókò, àwòrán 4MB lè máa yí títí táá fi sú u. Ẹ dín àwòrán kọ̀ọ̀kan kù sí nǹkan bí 200KB.

Iṣẹ́ tí ẹ ó rán wọn kò gbọdọ̀ le: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àdìrẹ yáàdì márùn-ún tí owó rẹ̀ ò ju 15,000 náírà lọ. Ẹ ṣe é débi ìsanwó, ẹ má san.” Bí bọ́tìnì yín bá ní “Fi sínú apẹ̀rẹ̀”, ẹ má fẹnu kan ọ̀rọ̀ yẹn, torí ọ̀rọ̀ náà nìkan ni wọn yóò máa wá kiri. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ìsọ̀ ni ẹ ń dán wò, kì í ṣe àwọn, kí wọ́n sì máa sọ ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn jáde.

Ẹ wá dákẹ́. Apá yìí ló le jù fún ọlọ́jà, torí ẹnu wa kì í dúró níwájú oníbàárà. Bí ìka rẹ̀ bá dúró lókè ojú fóònù, tó lọ sókè, tó lọ sísàlẹ̀, tó tún padà, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má nawọ́ sí i. Bó bá ní, “Ṣé ibí ni kí n tẹ̀?”, ẹ dá a lóhùn pé, “Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́?” Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún ẹnìkan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti fún un ní dátà tí ẹ fẹ́ fi dúpẹ́, kó má baà rò pé ìyìn lòun máa fi gbà á.

Ohun kan wà tí àwọn aládìírẹ fẹ́ràn tó ń pa wọ́n lára: wọ́n á fi àwòrán àdìrẹ tẹ́ ìdí ojú ewé, wọ́n á wá kọ iye owó lé e lórí. Aró àti funfun tó ń yí po lábẹ́ lẹ́tà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí owó kà nínú oòrùn. WCAG, ìlànà àgbáyé tó wà kí gbogbo ènìyàn lè rí ìkànnì lò, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kékeré àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Ẹ wá “contrast checker” lórí Google, ọ̀fẹ́ ni, yóò bá yín wọ̀n ọ́n. Kí bọ́tìnì náà fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà mẹ́sàn-án, kí àtàǹpàkò má baà tẹ méjì pọ̀.

Ìbéèrè: Bàtà àti báàgì ni mo ń tà ní Kútọ̀. Mo fi fọ́ọ̀mù oníbèéèrè ogún ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi, ẹni mẹ́ta péré ló dáhùn. Kí ló ṣẹlẹ̀? *(Oníbàtà, Kútọ̀)*

Ìdáhùn: Ogún ti pọ̀ jù. Ẹ béèrè mẹ́ta: Kí lẹ wá wá lónìí? Ṣé ẹ rí i? Kí ló fẹ́ dá yín dúró kí ẹ tó rà á? Ẹ yẹra fún “Ṣé ẹ fẹ́ràn àwọ̀ tuntun wa?”, torí ẹ ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Ọjọ́ tí wọ́n ra ọjà gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò ní rántí ibi tí wọ́n ti há. Ìbéèrè nípa bàtà fúnra rẹ̀, ẹ dúró dìgbà tó bá dé ọwọ́ wọn. Àwọn àgbà, ẹ ní kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ó gbọ́ ohun tí wọn ò ní tẹ̀ láéláé.

Ẹ má béèrè orúkọ tàbí nọ́ńbà tí ẹ ò ní lò. Òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, kan ìsọ̀ kékeré náà. Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà sórí ìkànnì yín pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹnìkan ní kí n fi àwòrán kún ìsọ̀ mi orí íntánẹ́ẹ̀tì, èkejì ní àwòrán ti pọ̀ jù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? *(Ọlọ́ṣẹ dúdú, Àṣèrò)*

Ìdáhùn: Ẹ bi àwọn méjèèjì ohun tí wọ́n ń wá nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn fi bọ́ lẹ́nu wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ rí bí ọṣẹ náà ṣe tóbi tó, kí dátà sì máa jó mọ́ èkejì lọ́wọ́. Àwòrán ọṣẹ kan lórí àtẹ́lẹwọ́, tí kò wúwo, lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ohun tó bá dí ènìyàn lọ́wọ́ láti ra ọjà, ẹ tún un ṣe lónìí, ìbáà jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó wu ojú, ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta sọ ọ́ ná. Nǹkan kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá fi iye tí ẹ tà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú wé ti ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn. Ẹ má ṣe é nígbà Iléyá tàbí Kérésì, torí ọdún máa ń gbé ọjà sókè fúnra rẹ̀, ẹ ó wá máa yin bọ́tìnì tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ ránṣẹ́ sí ẹni tó sọ ọ́, kó tún un wò.