Másítáàsì: Biochemistry Ni Àbí Biotechnology?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Kubwa ni mò ń gbé. Mo parí biochemistry ní 2019, sẹ́kọ́ńdì kíláàsì lówà ni mo mú jáde, mo ṣe agùnbánirọ̀ tán ní Katsina, látìgbà yẹn mo kàn ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé aládàáni kan níbí ni, owó ọ̀hún ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju owó ọkọ̀ lọ. Ó wù mí kí n lọ ṣe másítáàsì. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó ka biochemistry ti pọ̀ jù nígboro, pé biotechnology layé ń bá lọ báyìí. Màmá mi ní tiwọn ní kí n lọ́kọ ná, pé ìwé àpọ̀jù máa ń lé ọkọ sá. Ṣé wọ́n á tiẹ̀ gbà mí pẹ̀lú lówà yìí? Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ ìjàkadì, o kú ìdúró o.

Ọ̀rọ̀ lówà ò le. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ń gbà á fún másítáàsì, ẹni tó ní third class ni wọ́n sábà máa ń ní kó lọ ṣe PGD, ìyẹn díplómà ẹ̀yìn dígírì, ná. Àmọ́ àwọn kan tún máa ń wo CGPA fúnra ẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ, torí náà ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa kó o tó sanwó fọ́ọ̀mù. Transcript, ìwé tí ilé ìwé rẹ máa ń kọ gbogbo máàkì rẹ sí, ni kó o tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lé, àní lónìí, ìyẹn lè dá èèyàn dúró ju admission gan-an lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ ń pariwo lásán jàre, àwọn méjèèjì ò jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀. Wo ẹ̀wà tí wọ́n ṣe ní Zaria, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti yunifásítì ABU, SAMPEA 20-T tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Maruca, tó máa ń dá ẹ̀wà lu lóko kó tó gbó, àgbẹ̀ á fín oògùn fín oògùn títí ẹ̀yìn á fi máa dùn ún. Wọ́n wá mú jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ inú ara ohun alààyè tó ń sọ irú púrọ́tíìnì tó máa ṣe, lára bakitéríà inú ilẹ̀ wọnú ẹ̀wà náà, ìyẹn ni biotechnology. Àmọ́ kí ló dé tí púrọ́tíìnì tí jíìnì yẹn ń ṣe fi ń da ìfun kòkòrò náà rú tí èèyàn sì ń jẹ ẹ́ tí nǹkan ò ṣe é? Biochemistry ló máa dá ọ lóhùn, torí òun ló ń wo bí kẹ́míkà inú ara ohun alààyè ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ lẹ́kítúrà ló wà lọ́kàn rẹ, èyí tó bá dígírì àkọ́kọ́ rẹ mu ló máa rọrùn jù. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tí wọ́n máa kọ sórí ìwé ò já mọ́ nǹkankan lójú tèmi. Láàbù ni kó o yàn.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní dárúkọ ilé ìwé o, nígbà tí mò ń ṣe tèmi, mo yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ra ẹ́ńsáìmù tó máa ń gé DNA, ìyẹn okùn tí jíìnì wà lára ẹ̀, ìgò ẹ̀ ò tó ìka ọmọdé, inú fíríìsà tó tutù dé -20 ló sì gbọ́dọ̀ máa gbé. Ọjọ́ Fúráìdè ni wọ́n múná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní dísù. Mọ́ńdè tí mo máa dé, omi ti ń kán tó tó tó lẹ́nu ilẹ̀kùn fíríìsà. Mo ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀ náà bóyá á ṣiṣẹ́, mo da DNA pọ̀ mọ́ ọn, mo sáré gel láti wò ó bóyá ó gé e, mo tan iná UV sí i, DNA mi wà níbẹ̀ lódindi bí ọjọ́ tí mo gbé e wọlé, ẹ́ńsáìmù ò gé nǹkankan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dúró de òmíràn torí òkè òkun ló ti ń bọ̀, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò ẹ̀.

Torí náà, kó o tó ra fọ́ọ̀mù, ì báà ṣe ti Gwagwalada, ì báà ṣe Minna tàbí Zaria, wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Má lọ bá HOD, olórí ẹ̀ka, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí prójẹ́ẹ̀tì ni kó o lọ bá, ra ohun mímu tútù fún wọn, kó o bi wọ́n pé ta ló ń ra kẹ́míkà, iṣẹ́ láàbù wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èwo ni wọ́n ń gbé jáde lọ ṣe, ọdún mélòó sì ni ẹni tó jáde kẹ́yìn lò. Ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé, mo mọ ẹni tó lo mẹ́rin. Bi wọ́n bóyá súpáfáísọ̀ wọn lè mú èèyàn mọ àwọn ará SHESTCO, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba ní Sheda, tàbí NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba ní Idu, torí iṣẹ́ tó le nílé ìwé lè rọrùn níbẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ńkọ́? O lè máa bá a lọ nígbà tó o bá ṣì ń gba lẹ́kíṣọ̀, bó o bá lè fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Zuba. Tó bá ti di ti láàbù, fi í sílẹ̀, ohun tó o gbìn sínú àwo láàbù ò mọ̀ pé ọmọ kíláàsì rẹ ń ṣèdánwò.

Ní ti Màmá, bá mi kí wọn gan-an. Bọ̀dá tó wá tún fíríìsà yẹn ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, òun ni bàbá àwọn ọmọ mi.