Ẹ Bi Wá: Akẹ́kọ̀ọ́ òfin nílé ìrànwọ́ òfin

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí, mo sì fẹ́ yọ̀ǹda ara mi nílé ìrànwọ́ òfin àdúgbò kan. Wọ́n ní èmi ni n ó máa gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó bá wá kí agbẹjọ́rò tó rí wọn, ìṣẹ́jú 45 fún ẹnì kan. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Orúkọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe ẹjọ́. Ẹ gba orúkọ ẹni tó wá àti ti ẹni tí wọ́n jọ ń fà á, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ wọ́n wò nínú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ti gba onílé nímọ̀ràn tẹ́lẹ̀, tí ayálégbé rẹ̀ wá tú àṣírí síwájú yín, ó lè di pé ẹ ò ní lè ṣojú fún ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì mọ́. Àyẹ̀wò yìí ò gba àkókò, síbẹ̀ ó rọrùn láti fò ó, nítorí ó nira láti dá ẹni tó ń sunkún lẹ́nu dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín, pé agbẹjọ́rò ń ṣàbójútó yín, àti pé ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde síta. Ẹ wá dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa sọ tẹnu rẹ̀. Ìbéèrè bíi "Ṣé ó tì yín lulẹ̀ ni?" léwu: ẹni tí inú ń bí lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kí agbẹjọ́rò ẹnìkejì sì fi tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ palẹ̀ nílé ẹjọ́. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ti tó.

Ìgbà tó bá sọ tán ni kẹ́ ẹ padà síbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ to ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ sí ọjọ́. Ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà. Èèyàn á ní "ó ti ṣe díẹ̀". Ẹ fi ohun tó mọ̀ wá a: ṣé kí àwọn ọmọ tó wọlé ilé ìwé ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ ní kó wo fóònù rẹ̀, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ ní déètì lára. Bí kò bá dá a lójú, ẹ kọ "nǹkan bí" síwájú rẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ méfò kọ burú ju àlàfo lọ.

Lórí ìwé tó bá mú wá, ọjọ́ méjì lẹ máa wá: ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Òfin kan lè ka gbèdéke láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí òmíràn kà á láti ọjọ́ kejì. Bí àyè ìfèsì bá jẹ́ ọjọ́ 14, tí ìwé sì fi ọjọ́ 6 pẹ́ lọ́nà, ìyàtọ̀ yẹn lè pa ẹjọ́. Kó má ṣe ju àpòòwé nù o. Òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ lè di ẹ̀rí. Ẹ ya ẹ̀dà ìwé náà tojú tẹ̀yìn, kẹ́ ẹ dá ojúlówó padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kọ nǹkan sí i lára, ẹ má sì tú ibi tí wọ́n ti dè é pọ̀, kí wọ́n má baà ní ẹ yọ ojú ìwé kan.

Ẹ ka àkọsílẹ̀ yín sí i létí, kẹ́ ẹ bi í ní ohun tó ń fẹ́. Ẹni tí onílé fẹ́ lé jáde lè má fẹ́ gbé ibẹ̀ mọ́. Owó tó ti san sílẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ohun tó ń wá. Gbèdéke tó sún mọ́ jù lọ, iwájú fáìlì ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí gàdàgbà, kí agbẹjọ́rò sì rí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Bí àgbàlagbà bá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé n ó jàre?", kí ni kí n sọ?

Ìdáhùn: "Ẹ ṣé mà. Ọ̀gá mi ni yóò sọ ibi tí òfin dúró sí. N ó gbé e síwájú wọn lónìí, a ó sì pè yín kó tó di ọjọ́ Ẹtì." Kẹ́ ẹ sì pè wọ́n lóòótọ́. Ẹ má sọ pé "ẹ fọkàn balẹ̀" rárá. Ìmọ̀ràn nìyẹn náà: ó lè mú kí ẹni tí wọ́n fi ìwé ẹjọ́ pè jókòó sílé, kí wọ́n sì dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìlànà ìrànwọ́ òfin fún ẹjọ́ ọ̀daràn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2012, wọ́n gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú láti fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin láyè, àní títí dé ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ àbójútó ni.

Ìbéèrè: Oníbàárà kan ò gbọ́ èdè wa, ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀. Ṣé ó dáa?

Ìdáhùn: Rárá o. Kí ọmọ náà kàn bá yín túmọ̀ ọjọ́ mìíràn tí oníbàárà á padà wá. Bí ẹjọ́ bá kan ìgbéyàwó tàbí lílù, ìyá ò ní sọ gbogbo rẹ̀ létí ọmọ, ọmọ náà á sì fi èyí tí kò fẹ́ gbọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ògbufọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni tan. Oníbàárà ni kẹ́ ẹ kọjú sí, kì í ṣe ògbufọ̀, kẹ́ ẹ sì máa bèèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá sìn ín wá, yálà aládùúgbò ni tàbí ọkọ, ìta ni kó ti dúró dè é.