Oúnjẹ ìpamọ́: ohun tí omíyalé Apẹ̀tẹ̀ àti kòkòrò ẹ̀wà kọ́ mi

Àbúrò mi, ẹ kú ilé tuntun o. Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Akóbọ̀ ní Ìbàdàn níbí, ìwọ, ọkọ rẹ, ọmọ ọdún mẹ́ta kan àti ìyá ọkọ rẹ tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Pé bí nǹkan ṣe ń lọ ń já ọ láyà, o fẹ́ mọ oúnjẹ tí èèyàn lè rà sílẹ̀ de ọjọ́ pàjáwìrì, tí kò ní bàjẹ́, tí ara á sì gbà. Àwọn tó kọ́kọ́ dá ọ lóhùn ní kí o ra páálí índómì márùn-ún àti àpò ìrẹsì kan, kí o lọ sùn. Mi ò bá wọn jà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àbọ̀ rẹ̀ ni mo wá jẹ́.

Apẹ̀tẹ̀ ni à ń gbé ní 2011. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ààwẹ̀ ku ọjọ́ mélòó kan kó parí, mo ti ra ọjà ọdún Ìtúnu sílẹ̀: ẹja dídì àti adìyẹ, fìrísà kún débi pé orúnkún ni mo fi ń tì í pa. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe òjò tí a mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ní afárá ti lọ, omi ti gbé e. Ẹni tó bá mọ Apẹ̀tẹ̀ nígbà yẹn mọ̀ pé afárá yẹn ni a fi ń bọ́ sí Poli, ká tó dé Sàngó àti Mókọ́lá. Ọjà wà ní òdìkejì, àwa wà ní ìhín. Àwọn àgbà àdúgbò ń sọ̀rọ̀ omíyalé Ògùnpa ti 1980, èmi ń ronú fìrísà mi.

Iná ti lọ láti òru. Ọjọ́ kejì, omi pupa ń ro lábẹ́ fìrísà. A dín èyí tí a lè dín, a pín fún ará ilé, ọjọ́ kẹrin a wa ihò lẹ́yìnkùlé a sin ìyókù. Mo wá wọ sítọ̀ọ̀: páálí índómì méjì, ṣúgà, tíì, ẹja inú agolo mẹ́rin, gàrí tí kò pé kóńgò kan. Omi kànga àdúgbò ti mu àgbàrá, ó rí bíi tíì oníwàrà nínú korobá.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá àwọn náà jà. Índómì láàárọ̀, gàrí lọ́sàn-án, gàrí lálẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń tọ̀ ní gbogbo ìgbà, òùngbẹ kò kúrò ní ọ̀fun wọn, wọ́n ní ojú àwọn ń ṣú. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ ń fún ìyá jẹ?" Ẹnu mi wú.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ́kọ́ béèrè pé kí ni kì í bàjẹ́. Iyọ̀ kì í bàjẹ́, ṣúgà kì í bàjẹ́. Kí ni ìyá ọkọ rẹ lè jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí iná kò sí, tí ọ̀nà kò sí, tí wọn ò ní dé ilé ìwòsàn? Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ríra. Oògùn wọn pàápàá ló yẹ kó ṣíwájú oúnjẹ: ti ọ̀sẹ̀ méjì kó máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, kí o tó sọ̀rọ̀ ìrẹsì.

Ẹ̀wà ni mo fi ṣe olórí nínú sítọ̀ọ̀ mi. Kì í sáré gbé ṣúgà sókè nínú ẹ̀jẹ̀ bíi gàrí, ó ń mú ara le, ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ yá, ọmọ kékeré àti arúgbó ló ń jẹ ẹ́, ìlú tó sì ń jẹ gbẹ́gìrì kò lè ní òun ò mọ ohun tí òun máa fi ẹ̀wà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà yìí náà ló dójú tì mí jù.

Ọdún tó tẹ̀lé ìkún omi yẹn, ìbẹ̀rù gbé mi dé Bódìjà. Mo ra ààbọ̀ àpò ẹ̀wà olóyin, mo gbé e délé, mo dà á sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn sítọ̀ọ̀ nínú àpò tó bá wá, lórí sìmẹ́ńtì lásán. Inú mi dùn, mo ti di ọlọ́gbọ́n. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ mi kékeré ní, "Mọ́mì, àpò yẹn ń sọ̀rọ̀." Mo fi etí sí i. Ó ń dún lóòótọ́, ṣàà ṣàà, bí òjò wẹ́wẹ́ tó ń kán sórí ewé kókò. Mo tú u. Ẹyọ ẹ̀wà kan, ihò mẹ́ta. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbóná nínú bí ẹni pé ibà ń ṣe é, ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kòkòrò ń gùn mí dé ìgúnpá. Àwọn adìyẹ aládùúgbò ló jẹ owó mi.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé láti oko ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà bọ̀. Ẹ̀wà tí o rà tó mọ́ tónítóní, gbé ẹyọ kan sínú oòrùn kí o wò ó: tóótòòtó funfun kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹyin ni. Ó ń dúró de sítọ̀ọ̀ rẹ ni.

Obìnrin kan lọ́jà ní kí n má da ara mi láàmú, kí n máa wọ́n òtápíápíá díẹ̀ sí i. Jọ̀ọ́, jọ̀ọ́, má gbọ́ ti irú wọn. Dichlorvos ló wà nínú oògùn yẹn, májèlé apakòkòrò ni, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ oúnjẹ, NAFDAC sì ti kìlọ̀ rẹ̀ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Tí o bá ń ra ẹ̀wà, bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí imú. Tó bá ń rùn bí oògùn, kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó dín owó tó.

Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà lọ́nà Mọ́níyà, ló wá fi àpò tí wọ́n ń pè ní PICS hàn mí. Ọ̀rá nípọn méjì wà nínú rẹ̀, àpò bíi ti ìrẹsì wà lóde. O máa rọ ẹ̀wà gbígbẹ sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, o máa tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, o máa lọ́ ẹnu rẹ̀, o ṣẹ́ ẹ po, o fi okùn dè é le dan-in. Ọ̀rá kejì bẹ́ẹ̀, àpò òde bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Kòkòrò tó wà nínú máa mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò ní rí òmíràn mí. Àmọ́ tí o bá ń tú u wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ọkàn rẹ kò balẹ̀, ìwọ lò ń gbé afẹ́fẹ́ tuntun lọ bá wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mẹ́rin ò nílò àpò ńlá. Ohun tí èmi ń lò báyìí ni kẹ́ẹ̀gì àti ike omi mímu, lítà kan àbọ̀, tí a ti fọ̀ tí a sì ti sá gbẹ pátápátá. Mo ń rọ ẹ̀wà sí i dẹ́nu. Dẹ́nu ni mo wí. Ike tó bá dé ìdajì, afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ tó kòkòrò lò. Màá gbọ̀n ọ́n, màá fi kún un, màá dé e pinpin, màá kọ oṣù tí mo dì í sára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣí wọn, ìyókù ò mọ̀ pé mo ṣí nǹkan kan. Kí o tó rọ ọ́, fi eyín gé ẹyọ kan: tó bá ró kẹ́, ó gbẹ, tó bá tẹ̀ lábẹ́ eyín, padà sá a.

Gàrí náà ní tirẹ̀. Lásìkò òjò, gàrí ọjà máa ń ní ọ̀rinrin. Mo ń tún un yan lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, màá tẹ́ ẹ sórí ọpọ́n kó tutù dáadáa. Tó bá wọ ike ní gbígbóná, á làágùn, á dì bí òkúta, á bu. Tọ́jú díẹ̀ fún ọkọ rẹ, má fi ṣe oúnjẹ mọ́mì, ìyá ọkọ rẹ. Èlùbọ́ bákan náà, àfi kí ó jẹ́ òkèlè kékeré pẹ̀lú ọbẹ̀ tó pọ̀.

Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá ti bu, má ní o fẹ́ ṣà á, o fẹ́ fọ̀ ọ́. Májèlé aflatoxin tó máa ń wà nínú èyí tó bu kì í bá yíyan tàbí sísè lọ, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bàjẹ́. Dà á nù.

Ìyókù ò le. Ẹja gbígbẹ tó gbẹ ganrangan, edé, egúsí tí a kò tíì bó nítorí èyí tí a bó kì í pẹ́ kó tó korò, epo pupa níbi tí oòrùn kò dé, wàrà oníyẹ̀fun fún ọmọ, òòtì fún mọ́mì, ẹja inú agolo díẹ̀ (da omi oníyọ̀ rẹ̀ nù tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nínú ilé). Ìrẹsì ọ̀fadà dára, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nílẹ̀ bí ìrẹsì funfun, ra ìwọ̀nba. Sóyà? Wọ́n ní ó dára fún ara, mo ra kóńgò mẹ́fà, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ nílé mi. Ohun tí ẹ kì í jẹ lọ́jọ́ tí ara dá, ẹ ò ní jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí ìdààmú dé.

Ewébẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní ti àtijọ́: orúnlá, ewédú tí a sá sínú ibòji tí a gún, ata gbígbẹ. Èmi fi tòmátò kún un. Ìgbà ọyẹ́ ni mo máa ń gé e ní pẹlẹbẹ, màá wọ́n iyọ̀ ṣín-ún, màá fi aṣọ àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan á di bí awọ. Nígbà tí ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní oṣù kejì 2021, tí wọ́n ti ọjà pa, tí àwọn oníṣòwò Òkè Ọya tún dá oúnjẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, tòmátò àti àlùbọ́sà di ohun tí à ń wò lójú lásán. Èmi ń rẹ tèmi sínú omi gbígbóná, mo ń lọ̀ ọ́. Ọkọ mi jẹ ọbẹ̀ yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó bi mí ibi tí mo ti ń rí tòmátò rà.

Ní 2023 nígbà tí owó bébà di àwátì, tí àwọn onípíọ́ọ̀ésì ń gba owó lórí owó, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò fi lọ sọ́jà. Ìyàwó ilé kejì gbé gáàsì rẹ̀ wá, mo fún un ní ike ẹ̀wà mẹ́rin, a jọ ń se é pọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Ẹ̀wà máa ń jẹ gáàsì. Rẹ ẹ́ mọ́jú kí o da omi rẹ̀ nù kí o tó gbé e kaná. Èyí tó tún dára jù: bó kóńgò kan tàbí méjì ní ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, sá a gbẹ, gbé e fún ọlọ́lọ̀ kó lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Ní ọjọ́ tí kò sí iná, omi lo máa pò mọ́ ọn, mọ́ínmọ́ín á jinná kí ẹ̀wà odidi tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Tó bá jẹ́ èédú lo fẹ́ dá, ìta ni o. Má gbé e wọ ilé kí o ti ilẹ̀kùn.

Omi: fi lítà mẹ́rin sọ́kàn fún ẹnì kan lójúmọ́, mímu àti sísè. Ẹ̀yin mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì ti tó ọ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì máa gba mẹ́sàn-án. Fọ̀ wọ́n, pààrọ̀ omi wọn lóòrèkóòrè, má tò wọ́n sínú oòrùn.

Má lọ yáwó ṣe é. Bí o bá fẹ́ ra kóńgò méjì, ra mẹ́ta, kí ẹ jẹ méjì kí ẹ̀kẹta wọ ike. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ẹ̀wà tuntun bá ti dé Bódìjà, ni kí o fi owó kún un. Gbé gbogbo rẹ̀ ka orí pákó, kí ó má fara kan sìmẹ́ńtì, kí èkúté má sì rí ibi sá sí lẹ́yìn rẹ̀. Ti fìrísà ńlá tí o béèrè lẹ́sẹ̀ ìkẹyìn, o ti mọ ohun tí mo sin sí ẹ̀yìnkùlé.

Jọ̀ọ́, sọ fún mi bóyá oògùn oníhóró ni mọ́mì ń lò tàbí abẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀ síbi tútù lọ́jọ́ tí iná bá lọ, kí ọjọ́ náà tó dé.