Quad 303 àbí 405: èwo ni kí n so mọ́ sípíkà bàbá mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá wa. Bàbá mi fi sípíkà Wharfedale méjì sílẹ̀ fún mi, ó ṣì ń dún dáadáa, wọ́n kọ 8 ohms àti 86 dB sẹ́yìn ẹ̀. Ẹnì kan ní Alábà ń ta ámpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè fún sípíkà) Quad 303 tó jẹ́ wáàtì 45, ẹlòmíì ní Quad 405 tó jẹ́ wáàtì 100, tọ́kunbọ̀ láti London làwọn méjèèjì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n má wojú 303 rárá, pé wáàtì ẹ̀ kéré. Pálọ̀ mi ò tóbi, jùjú àti àpàlà ni mo máa ń gbọ́. Èwo ni kí n mú? (Ọmọ Bódìjà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Bódìjà, ọ̀rọ̀ wáàtì yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn ṣìnà. dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lọ sókè tó. Sípíkà yín tó jẹ́ 86 dB yẹn, wáàtì 1 péré ló nílò láti mú 86 dB jáde téèyàn bá dúró ní mítà 1 síwájú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fi 3 dB kún un, àfi kẹ́ ẹ sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, wáàtì 2 fún 89, wáàtì 4 fún 92, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi dé wáàtì 32 tó máa fún yín ní 101 dB, ìyẹn gan-an aládùúgbò á ti wá kanlẹ̀kùn. Láti 45 sí 100 ò ju bíi 3.5 dB lọ. Etí á gbọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa torí ẹ̀ jà.

303 lèmi máa mú. Ọdún 1967 ni Quad, ilé iṣẹ́ Peter Walker ní Huntingdon, gbé e jáde, 405 dé ní 1975. Kapásítọ̀ ńlá kan wà nínú 303 láàárín tiransísítọ̀ àti ojú ibi tẹ́ ẹ máa ki wáyà sípíkà sí, torí náà bí NẸ́PÀ bá gbé iná burúkú dé lóru tí tiransísítọ̀ jó, kapásítọ̀ yẹn ò ní jẹ́ kí iná DC (iná tó ń ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì) ráyè kọjá lọ sun kọ́ìlì sípíkà. 405 ò ní irú ẹ̀. Sípíkà bàbá ẹni tó ṣòroó rí pààtì ẹ̀ rà, ta ló fẹ́ fi dánwò? Ká ní pálọ̀ yín fẹ̀ bíi gbọ̀ngàn ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì sanwó o! Ẹ mú rewaya tó mọ̀ ọ́n dání, kó gbé gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60 lọ, èyí tó máa ń gbóná, kì í ṣe LED, kó jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù yẹn kọjá kó tó dé inú ámpù. Tẹ́ ẹ bá tan án, gílóòbù á mọ́lẹ̀ gbòò, á sì rọlẹ̀. Tó bá wá mọ́lẹ̀ kalẹ̀ tí ò rọ̀, nǹkan ti jó nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹ máa lọ sílé. Tó bá rọlẹ̀, kó yọ gílóòbù kúrò, kó so ámpù mọ́ iná tààrà kó tó fi mítà wo inú ẹ̀: fóltì 67 ló yẹ kó rí, àti ìdajì ẹ̀, 33.5, níbi tí tiransísítọ̀ apá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé, ṣáájú kapásítọ̀ ńlá yẹn. Kapásítọ̀ tó ti pẹ́ tó yìí, ẹ ṣáà fi owó pípààrọ̀ wọn kún owó ọjà, ì báà jẹ́ pé ó ń dún. Tí wọ́n bá sì ní àwọn ti pààrọ̀ tiransísítọ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rà á, torí ayédèrú kún ìta.

Ohun tí wọn ò ní sọ fún yín ni pé 303 ò ní ibi tí wọ́n ti ń yí fólúùmù. Ẹ ò lè ki fóònù bọ̀ ọ́ lásán, ẹ nílò prè-ámpù, ẹ̀rọ tó máa ń wà ṣáájú ámpù téèyàn ti ń yí fólúùmù, Quad 33 ni wọ́n ṣe fún un. Ojú wáyà ẹ̀ náà kì í ṣe ti ìsinsìnyí, DIN ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, rewaya yín lè fi òjé jó wáyà tó bá a mu fún yín. Kẹ́ ẹ tó ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nílé, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yan fóltì lẹ́yìn ẹ̀, 240 ló yẹ kó wà.