Orin àti Àfọwọ́ṣe fún Ọmọ Ọdún Mẹ́ta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Lọ́ńdọ̀nù ni a ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 3, ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n “fọ” nìkan ni ó ń lò fún ojú, ẹsẹ̀ àti gbogbo ara. Ǹjẹ́ orin lè ràn án lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Orin yóò ràn án lọ́wọ́ gan-an, pàápàá bí ara bá ń bá ẹnu ṣiṣẹ́ pọ̀, nítorí pé ọmọdé kì í tètè gbàgbé ohun tí ó bá fi ara ṣe. Ẹ ṣe orin kúkúrú tiyín fún balùwẹ̀ láràárọ̀: bí ẹ bá kọ “mo bọ́jú”, kí ẹ bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi pa ojú, bí ó bá kan “mo ṣan ẹsẹ̀”, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ó bá di “mo wẹ̀”, kí ọwọ́ ti èjìká sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi “fọ” sílẹ̀ fún aṣọ, abọ́ àti eyín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì lórí, torí pé bí ohùn bá lọ sílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ọkọ́ tí a fi ń roko lè di ọkọ̀ tí a ń wọ̀.

Nígbà tí ó bá ti mọ orin náà dunjú, ẹ dákẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ẹ fi ọwọ́ nìkan ṣe é, kí ẹ sì fún un láyè kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.