Ó Tún Ìrìbọmi Ṣe, Mo sì Kọ Iyán Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí ní Ìkéré-Èkìtì. Ọ̀rẹ́ mi, tí a ti jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ogún ọdún, ní ìrìbọmi tí wọ́n ṣe fún òun ní ọmọ ọwọ́ kò tó, ó sì lọ ṣe òmíràn nínú odò, síbẹ̀ kò fi ìjọ wa sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pín wa sí méjì. Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbé iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá síwájú mi. Mo ní mo ti yó. Irọ́ ni, ebi ń pa mí. Bí mo bá jẹ ẹ́, ṣé n kò ti fọwọ́ sí ohun tí ó ṣe?
*Ọmọ Ẹgbẹ́ Akọrin, Ìkéré-Èkìtì*

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó kéré. Ìrìbọmi kan ṣoṣo ni Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Nikea ní kí a jẹ́wọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá tún un ṣe ń sọ, bí kò tilẹ̀ là á lẹ́nu, pé ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ìrìbọmi. Níbi tí èmi náà dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ìtàn ilé Lìdíà àti ti onítúbú fún ọ̀rẹ́ yín nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16, níbi tí a ti ṣe ìrìbọmi fún gbogbo ará ilé wọn, yóò bi yín pé ta ló rí ọmọ ọwọ́ níbẹ̀, ẹ ó sì wà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lílo oògùn, wà lára ohun tí ó mú ẹgbẹ́ àdúrà kan tí ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1922, ipa ọ̀nà yẹn ni ó sì já sí CAC (Christ Apostolic Church), ìjọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá tí a sin sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè nílé wa níbí. Agbo ilé mélòó ní Èkìtì ni ẹ̀gbọ́n kò ti jẹ́ Áńgílíkà, kí àbúrò jẹ́ ọmọ CAC? Wọn kò tíì fẹnu kò, wọ́n sì ń jọ gún iyán ọdún.

Ní ti oúnjẹ tí ẹ bèèrè, ẹ wo Gálátíà orí 2. Pétérù ti ń bá àwọn Kèfèrí jẹun tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù tí ó fà sẹ́yìn nítorí ìbẹ̀rù wọn, ohun tí Pọ́ọ̀lù sì bá a wí sí lójú gbogbo ènìyàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni ẹ ń wò lójú nígbà tí ẹ ní ẹ ti yó? Ìbáwí náà gbóná, síbẹ̀ nínú Pétérù Kejì orí 3, Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ni a pè ní arákùnrin wa olùfẹ́.

Bóyá ó lè máa kọrin lọ, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àlùfáà. Ti yín ni pé kí ẹ lọ sílé rẹ̀, ẹ̀yin nìkan, kí ẹ kí i kú àṣẹ̀yìndè, kí ẹ sì jẹ́wọ́ pé irọ́ ni ẹ pa fún un lọ́jọ́ náà. Bí ó bá bi yín ní ohun tí ẹ rò nípa odò, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbé iyán kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ná.