Bọ̀dá Fóònù, Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Wo Ni Kí N Ṣe?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, àmọ́ tí mo bá bó èèpo wọn kúrò, ìbéèrè kan náà ló wà nínú gbogbo wọn: èwo ló dáa jù nínú MTN, Airtel, Glo àti T2, ìyẹn èyí tá a mọ̀ sí 9mobile kí wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ padà ní 2025? Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí èyí tó dáa jù ní Nàìjíríà. Èyí tó dáa nínú yàrá yín ló wà. Ẹni tó bá ní òun mọ èyí tó dáa jù, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ dáadáa, síìmù ló fẹ́ tà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí lẹ́tà tó gùn jù.

Bọ̀dá Fóònù, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń rán, Mọ́kọ́lá la sì ń gbé tẹ́lẹ̀ kí ọkọ mi tó parí ilé sí Àkóbọ̀. Látìgbà tá a ti kó débí ni fóònù mi ò ti ṣeé pè mọ́, tí mo bá wà nínú ilé, wọ́n á ní nọ́ńbà mi ò lọ, àfi kí n jáde sẹ́nu géètì kí n tó gbọ́ ohun tí kọ́sítọ́mà ń sọ, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yìí ti pé ọdún méjìlá lọ́wọ́ mi, òun ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi, òun náà ni báǹkì mọ̀. Ọkọ mi ní kí n sọ ọ́ nù kí n ra òmíràn. Aládùúgbò wa kan ní 5G ni kí n lọ ṣe. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? — Ìyá Ìbejì, Àkóbọ̀, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú àwọn méjèèjì. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì o, wọ́n kú oríire ilé tuntun, àmọ́ nọ́ńbà ọdún méjìlá kì í ṣe ohun téèyàn ń dà nù bí omi ìfọṣọ. Èmi náà ní síìmù kan tí mo ti ń lò látìgbà tó ń jẹ́ Econet, ó di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, ó wá di Airtel ní 2010, orúkọ ń yí, nọ́ńbà mi ò yẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe fóònù yín. Ìgbì ni fóònù ń gbà látorí òpó bíi ti rédíò, ìgbì yìí sì ní èyí tó rẹlẹ̀ àtèyí tó ga. Tí wọ́n bá ń ṣe òde ní àdúgbò kejì lóru, ẹ ò lè gbọ́ ohun tí olórin ń kọ, àmọ́ ìlù ńlá yẹn á máa dún gbì, gbì, gbì nínú ògiri yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí ìgbì tó rẹlẹ̀ ṣe rí nìyẹn, àwọn 700, 800 àti 900 MHz, ó máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọ ilé. Èyí tó ga, bíi 2600, tàbí 3500 tí wọ́n fi ń ṣe 5G, ẹrù tó lè gbé pọ̀, ìyẹn ló fi yára, àmọ́ kì í rìn jìnnà, tó bá sì ti kan ògiri méjì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tẹ̀ lé aládùúgbò yín lórí ọ̀rọ̀ 5G yìí. Tí ohùn lásán ò bá wọ yàrá, 5G kọ́ ló máa wọ̀ ọ́.

Ẹ tún wo ilé yẹn fúnra ẹ̀. Ilé tuntun, ó ṣeé ṣe kó ní dẹ́kìn, kí irin kún inú kọnkéré ẹ̀, kí páànù ẹ̀ jẹ́ àlùmíníọ́mù, kí gíláàsì ojú fèrèsé máa dán bíi dígí. Irin máa ń lé ìgbì padà ni. Mọ́kọ́lá tẹ́ ẹ ti kó wá, àárín ìgboro ni, òpó súnmọ́ra níbẹ̀. Ìbàdàn sì tún wá jẹ́ ìlú olókè, ẹni tó bá kọ́lé sísàlẹ̀ òkè, òpó lè wà lẹ́yìn òkè yẹn gan-an kó má ṣe é láǹfààní kankan.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé, ẹ má tíì náwó o. Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, kò lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ẹ ní kí wọ́n mú fóònù wọn wọlé, kí wọ́n pè láti pálọ̀, láti kíṣìnì, láti ibi tẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí, kí wọ́n ṣí WhatsApp, kí wọ́n wo fídíò kékeré kan. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ tún ṣe é ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ti délé, torí òpó kan náà ni gbogbo yín ń pín lò, bí ìgbà tí ogún ilé ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan. Ẹ tún ṣe é lọ́jọ́ tí NEPA bá mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, torí bátìrì àti dísẹ̀lì ni òpó máa ń lò nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fẹlá tí iná bá wà, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ ọ́n. Tẹ́nì kan bá sì ní T2 lọ́wọ́, ẹ dán an wò náà, NCC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń darí iṣẹ́ tẹlifóònù, ti fọwọ́ sí i ní 2025 pé kó máa lo òpó MTN.

Ẹ má wo igi mẹ́rin tó máa ń yọ lórí fóònù yẹn o, bó bá ṣe wu ẹni tó ṣe fóònù ló ń kà á. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wọ About phone, ẹ wá SIM status, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ní àmì ìyọkúrò níwájú. Tó bá jẹ́ -80, ẹ máa jó. Tó bá ti ń lọ sí -110, ẹnu géètì náà nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti wá rí èyí tó ń sọ̀rọ̀ ketekete, ẹ lè gbé nọ́ńbà yín lọ síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tì nìyẹn. Oṣù Kẹrin 2013 ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì mọ̀ dòní. Ọ́fíìsì ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ lẹ máa lọ o, kì í ṣe ti ibi tẹ́ ẹ ti ń kúrò. Ẹ mú NIN dání, ẹ máa fi PORT ránṣẹ́ sí 3232 látorí síìmù àtijọ́, wọ́n á fún yín ní síìmù tiwọn. Ẹ ti gbọ́dọ̀ san káàdì tẹ́ ẹ yá tán, kẹ́ ẹ sì lo dátà àti owó ìpè tó kù, torí kò ní bá yín lọ. Síìmù gbọ́dọ̀ wà lórúkọ yín. Mo ti rí obìnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ní ọ́fíìsì rí, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ àtijọ́ ló fi orúkọ ara ẹ̀ rẹ́jísítà síìmù náà fún un.

Ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tí kọ́sítọ́mà fẹ́ sanwó ọdún, torí síìmù lè kú fún wákàtí mélòó kan kó tó jí síbi tuntun, kóòdù báǹkì ò sì ní wọlé láàárín ìgbà yẹn. Tó bá parí, ẹ kéde fáwọn tó máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí yín, ẹni tó bá rí 0803 á rò pé MTN ni, á lọ ra ti MTN, bẹ́ẹ̀ Airtel lẹ wà.

Ká ní èmi ni ṣá, mi ò ní tíì pọ́ọ̀tì. Ojú síìmù méjì ló wà lára ọ̀pọ̀ fóònù báyìí. Màá ra síìmù tuntun lórí èyí tó bá wọ ilé, màá kọ ọ́ sísàlẹ̀ nọ́ńbà àtijọ́ lára pátákó, màá lò ó fún oṣù kan tó gbó, ká tó wá sọ̀rọ̀ pọ́ọ̀tì. Téèyàn bá fi ìbínú pọ́ọ̀tì, wọn ò ní jẹ́ kó tún sáré kúrò lọ́sẹ̀ kejì.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó oko ni mo fi ra fóònù 5G, oṣù mẹ́ta rèé, mi ò tíì rí 5G lórí ẹ̀ rí, 4G ni, tí mo bá sì ń pe ìpè, H ló ń hàn. Ṣé wọ́n gbá mi ni? — Ọmọ Òkè-Ògùn

Wọn ò gbá ẹ. 5G kì í gbé inú páálí fóònù wá, orí òpó ló ń gbé. Oṣù Kejìlá 2021 ni NCC ṣe gbàǹjo ìgbì 3.5 GHz, ìyẹn 3500 MHz tí mo sọ lókè, MTN àti ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Mafab ló mú un, mílíọ̀nù 273.6 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2022, Airtel náà wọlé ní 2023. Ẹni tó bá náwó tó báyẹn, ibi tí èrò pọ̀ sí ló máa kọ́kọ́ gbé e lọ, mo sì ti sọ fún Ìyá Ìbejì lókè pé ìgbì yẹn kì í rìn jìnnà, òpó tó máa gbà kó tó kárí Òkè-Ògùn á pọ̀. Wọ Settings, fi sórí 4G ní tìẹ, torí tí fóònù bá ń wá 5G tí kò sí kiri, bátìrì ló ń jẹ.

H tó ò ń rí yẹn, 3G ni. Kì í ṣe àìsàn. Dátà ni wọ́n dìídì ṣe 4G fún, tí VoLTE, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ìpè gba orí 4G, ò bá sí ní títàn lórí fóònù ẹ, á sọ̀kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G kó tó lè gbé ìpè. Wò ó nínú Settings bóyá ó wà, tàn án, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ bá gbà á, ohùn á mọ́ sí i, ìpè á sì tètè wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston fi iPhone 14 ránṣẹ́ sí mi. Mo wá ihò síìmù títí, mi ò rí i, bẹ́ẹ̀ ti ọ̀rẹ́ mi tó wá láti London ní ihò. Ọ̀gá kan tó ń tún fóònù ṣe ní kí n mú owó wá kóun bá mi lu ihò sí i. — Ọmọ Òṣogbo

Ẹ má jẹ́ kó lu ihò kankan o! Látorí iPhone 14, àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ò ní ihò síìmù mọ́, eSIM ni wọ́n ń lò, ìyẹn síìmù tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, inú fóònù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì MTN tàbí Airtel, ẹ ní kí wọ́n sọ nọ́ńbà yín di eSIM, wọ́n á gbé àwòrán QR kan fún yín, ẹ máa fi kámẹ́rà fóònù yà á, ó parí.

Ohun kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ ṣá. Ẹ wọ Settings, General, About, ẹ wá Carrier Lock. Tí wọ́n bá kọ "No SIM restrictions" síbẹ̀, ẹ máa lọ. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fóònù yẹn mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ́hùn-ún nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sanwó fóònù níbẹ̀, àwọn bíi AT&T àti T-Mobile kì í sì í tú u sílẹ̀ tí gbèsè ò bá tíì tán. Ẹ̀gbọ́n yín ló yẹ kó pè wọ́n, ẹ rọra béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ẹ̀ ń fẹ̀sùn kàn wọ́n. Ẹ má ra páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ síìmù láti fi ṣí fóònù yẹn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe ọ́pídéètì ló máa tì padà, síìmù wo lẹ sì fẹ́ fi lé e lórí gan-an?

Bọ̀dá mi, èwo ni dátà ẹ̀ pọ̀ jù fún akẹ́kọ̀ọ́? — Ọgbọ́mọ̀ṣọ́

Àbúrò, tí mo bá kọ iye síbí lónìí, ó lè ti yí kí ìwé yìí tó délẹ̀. Láti oṣù Kìíní 2025 tí NCC ti fún wọn láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ni gbogbo ẹ̀ ti gbẹ́nu sókè. Tẹ *312# lórí síìmù kọ̀ọ̀kan kó o fi wéra, kóòdù kan náà ni gbogbo wọn ń lò báyìí, *323# ni wàá fi mọ èyí tó kù. Iye ọjọ́ ni kó o wò, má wo gíígì nìkan. Dátà olówó pọ́ọ́kú lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò wọ họ́sítẹ̀ẹ̀lì ẹ, kí lo fẹ́ fi ṣe? Kó o sì pa ohun tó ń jẹ́ kí WhatsApp máa da fídíò gbogbo gúrúùpù sórí fóònù ẹ láìbéèrè.

Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, fóònù tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò lábúlé. Ọmọ àbúrò mi ní Amẹ́ríkà ní 2G àti 3G ti kú, ká yáa ra Android fún wọn. — Ìjẹ̀bú-Igbó

Òótọ́ lọmọ yẹn sọ nípa ibi tó wà, AT&T ti pa 3G tiwọn láti oṣù Kejì 2022. Ọ̀dọ̀ wa kọ́ nìyẹn. 2G ṣì wà lórí òpó wa, òun sì ni fóònù tọ́ọ̀ṣì ń lò. Ẹ fi bàbá sílẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì wọn jọ̀ọ́, bátìrì ẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́rin, Android ò ní lò tó ọjọ́ kan, ta ló fẹ́ máa bá wọn gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn tó ń gbé nítòsí wọn lábúlé ń lò ni kẹ́ ẹ ṣe fún wọn. Kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà yín sí orí 2, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀yin ló máa pè.